Ìkòkò, Bá Mi Sọ Fún Un

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ewé òṣíbàtà tó wà níwájú rẹ̀, ó gbójú sókè wo Dularie, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí elégédé kan katahar."

Dularie dúró gbagidi pẹ̀lú korobá kọ́rì lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín bẹ́ǹṣì tí àwọn àlejò ìgbéyàwó jókòó sí. Ooru mú un, ọbẹ̀ ti ta sí i láṣọ, ẹsẹ̀ ń ro ó. Kò sí ẹni tó bu oúnjẹ fún látàárọ̀ tó ṣe irú fáàrí yìí. Kọ́rì méje ni wọ́n ń bù sórí ewé kan ṣoṣo, gbogbo wọn ló lómi, ewé òṣíbàtà ò sì ní ògiri. Ibo ni wọ́n ti rí eléyìí?

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

"Mo fẹ́ mọ adùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni."

"Inú ikùn kan náà ni wọ́n ń lọ!"

"Ikùn ò mọ adùn, àǹtí mi. Ahọ́n ló mọ̀ ọ́n."

Àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Dularie ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa. Oòrùn òkun ti sun awọ rẹ̀ dúdú, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó fi bọ́tìnnì kan sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sì fi Dularie ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ń bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn ni. Dularie bu katahar, èso igi tí kò tíì pọ́n tí wọ́n fi se kọ́rì, sí etí ewé lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí gbogbo ohun yòókù, inú sì bí i sí ara rẹ̀ pé òun ṣe é. Nígbà tí ẹni tó ń bu elégédé dé, ọkùnrin náà ti fi ìrẹsì mọ odi sáàárín.

Gbogbo àlejò jẹun tán, wọ́n ká ewé wọn, wọ́n dìde. Òun nìkan ló kù tó ń fi ìka mẹ́ta kó oúnjẹ jẹ bí ẹni tí ilé ò pè. Dularie gbá ilẹ̀ títí ìgbálẹ̀ fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ibí lẹ máa sùn ni?"

"Ta ló se katahar yìí?"

"Bàbá mi ni."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé bí mo bá kú nísinsìnyí, kò dùn mí."

"Ẹ ṣáà kọ́kọ́ dìde. Bí ẹ bá kú síbí, mi ò ní ráyè gbálẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bọ́ mọ́ Dularie náà lẹ́nu kó tó mọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Jaikaran lorúkọ rẹ̀, apẹja ni, ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń gbé létí òkun. Ẹni bá mọ etí òkun Corentyne á ti mọ Sewnarine, bàbá Dularie. Kò sí ìgbéyàwó Híńdù kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló ń dúró ti ààrò. Kì í gbowó, iyì ló ń gbà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń ru igi, tí wọ́n ń bẹ katahar, tí wọ́n ń fi omorogùn ro ìkòkò ńláńlá. Òun á jókòó sórí àpótí, á máa pàṣẹ. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Dularie ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn náà ló ti tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọbẹ̀ òun wò ṣáájú ọmọ náà. "Beti," ni yóò pè é, bí bàbá ṣe ń pe ọmọbìnrin tó fẹ́ràn, "Beti, wá. Iyọ̀ tó?" Bí Dularie bá ti ní ó tó, ó tó nìyẹn, pandit tó jẹ́ àlùfáà pàápàá ò gbọdọ̀ sọ pé kò tó.

Dularie ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ibi tí àwọn ọkọ̀ ẹja ń gúnlẹ̀ sí. Ó ń ta pholourie, àkàrà kéékèèké gbígbóná, pẹ̀lú ọbẹ̀ máńgòrò kíkan, ó sì ń ta mauby, omi èèpo igi tó korò díẹ̀ tó sì dùn díẹ̀, tó ń pòǹgbẹ ẹni tó ti inú oòrùn bọ̀. Jaikaran bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ìrọ̀lẹ́. Ife mauby kan ni yóò rà, yóò sì mu ún títí oòrùn yóò fi wọ̀.

"Àgbo lò ń mu ni? Gbé e mì!"

"Bí mo bá tètè mu ún tán, mo máa lọ sílé nìyẹn."

"Ta ló ní kó o má lọ?"

"Ojú ẹ ni."

"Ojú mi kì í sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, kúrò lójú ọ̀nà àwọn oníbàárà mi."

Yóò sún díẹ̀. Kò ní lọ. Oníkanra ni Dularie, nǹkan tó bá fẹ́ ṣe, kíá ni. Àfi kí Ọlọ́run lọ fi ẹni tí kì í kánjú dán an wò! Bí Jaikaran bá ní òun ń bọ̀ láàárọ̀, kí èèyàn yáa gbé ìrẹsì ọ̀sán kaná. Ó ní òun á mú ẹ̀gbọ́n bàbá òun wá bá Bàbá Sewnarine sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ìkórè dé, ìkórè lọ, ó ní ìgbì ò jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dularie ti ní òun ò ṣe mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Jaikaran jókòó sórí àga ìsọ̀ tó ń bá a bó máńgòrò títí inú rẹ̀ fi rọ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó ń bí i nínú.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin pandit fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe tó fún Bàbá Sewnarine. Láti Fúráídè ni ẹran àti ẹja ti di èèwọ̀ nílé ìyàwó. Wọ́n fi eérú fọ gbogbo ìkòkò, Sewnarine fúnra rẹ̀ wẹ̀ kó tó dáná. Sọ́ńdè ni ìgbéyàwó. Bó bá wá di Mọ́ńdè, tí wọ́n ti ṣe gbogbo ètò tán, ẹran dé, ẹja dé, ọtí dé, kálukú á sinmi.

Dularie ti gbèrò ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ti sọ fún Jaikaran kó tó lọ sókun: "Mọ́ńdè, ṣé o gbọ́? Gbé ẹja gidi kan wá fún Pàpá. Inú wọn máa ń dùn ní Mọ́ńdè. Ọjọ́ yẹn ni kó o sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Má sì pẹ́!"

"Mi ò ní pẹ́," ni Jaikaran wí.

Kò pẹ́ lóòótọ́. Ọkùnrin tí kì í tètè dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò yẹ kó yá, ọjọ́ yẹn ló yá! Òjò ti ká àwọn apẹja náà mọ́ ojú òkun, wọ́n sùn, wọ́n jí, wọn ò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá jiyàn lórí ọjọ́. Àwọn tó pọ̀ jù ní Mọ́ńdè ni.

Bí Jaikaran ṣe gbé ẹja gilbaka tó tó ọmọdé lé èjìká nìyẹn, tó wọ àgbàlá pandit ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, tó wẹ̀ tó mọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. Dularie ń fún omi àgbọn lápá kan. Ó rí i. Ó juwọ́ sí i pé kó padà, Jaikaran ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Pàpá!" ni Jaikaran ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wo ohun tí mo mú wá fún yín!"

Gbogbo àgbàlá yíjú sí i. Jaikaran ò fura, ó ń bọ̀ tààrà sídìí ààrò, ó fẹ́ kí bàbá rí ẹja náà dáadáa. Ìrù ẹja ré kọjá lórí ìkòkò katahar, omi kán sínú rẹ̀. Ẹ̀kán kan péré. Ó tó.

Kọ́rì méjèèje ni wọ́n dà sínú kòtò omi ẹ̀yìn ilé. Wọ́n tún ìkòkò fọ̀, wọ́n tún iná dá, wọ́n tún àgbọn rin. Àwọn ará ilé ọkọ dé, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́ ewé síwájú wọn, kò sí nǹkan tí wọ́n máa bù sí i. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ sókè pé, "Ṣé Sewnarine tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ nìyí?" Bàbá Sewnarine gbọ́ ọ.

Jaikaran ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. "Pàpá, ẹ forí jì mí. Mo rò pé Mọ́ńdè ni."

"Kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí n tún rí ọkùnrin yìí mọ́ láyé mi," ni bàbá wí.

Bí Dularie bá pa ẹnu mọ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bí i? Sewnarine kan náà ló bí i. Ó ju àgbọn sílẹ̀, ó sọ ọ́ lójú pandit, lójú àna pandit, lójú gbogbo ayé: "Pàpá, àṣìṣe ni. Òun náà sì ni mo máa fẹ́."

Bàbá rẹ̀ ò bú u. Ó kẹ̀yìn sí i, ó wo ìkòkò òfìfo tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Ìkòkò, bá mi sọ fún ọmọ yìí pé mo gbọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, ìkòkò ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí o! Èèyàn méjì nínú ilé kan, wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kan, ìkòkò ló wá di alárinà.

"Ìkòkò, bá mi sọ fún un pé iyọ̀ kéré."

"Ìkòkò, sọ fún Pàpá pé iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn."

"Ìkòkò, sọ fún un pé mo ti rí i."

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń pa Dularie lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó sú u. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gan-an. Wọ́n gbin ìrẹsì, ìrẹsì hù, ìrẹsì pọ́n, bàbá ò pè é ní Beti. Ó se katahar nílé, òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, Dularie dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo bí àlejò.

Jaikaran ò yé wá bẹ̀bẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti òkun dé, yóò wá dúró síta géètì, fìlà lọ́wọ́. Bàbá Sewnarine á máa fún àwọn adìẹ lóúnjẹ bí ẹni pé igi ló dúró síbẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi," ni Jaikaran sọ lọ́jọ́ kan ní ìsọ̀. "Wọ́n á so wá pọ̀ níbẹ̀. Tàbí kẹ̀, bó o bá fẹ́ kí n fi ẹ́ sílẹ̀, kí àlàáfíà lè wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì..."

"Fi mí sílẹ̀ kẹ̀? Bó o bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa bínú sí?" Dularie fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò lè sá lọ. Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú. Kí wọ́n bú mi, kí wọ́n jù mí ní ṣíbí, mo gbà. Àmọ́ bí mo bá jáde nílé yẹn láìjẹ́ pé wọ́n pè mí ní Beti, mi ò ní gbọ́ ọ mọ́ títí mo fi máa kú. Ìyá mi ò sí. Kò sí ẹlòmíì tó ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Jaikaran rora gbé ife mauby rẹ̀ kalẹ̀. "Mo ti gbọ́," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú sì tún bí Dularie. Ẹ̀dùn ọkàn gbogbo tí òun tú jáde yìí, "mo ti gbọ́" lásán ni èsì rẹ̀!

Àǹtí Bhano ló fọ́ agídí náà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Sewnarine lóbìnrin ni, òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, kò sì bẹ̀rù ìbínú rẹ̀. Ó wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó nàka sí i.

"Sewnarine! Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì là ń fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì tìẹ dà? Ṣé wọ́n gé e ni?"

"Ìkòkò, bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé..."

"Èmi kọ́ lò ń fi ìkòkò bá sọ̀rọ̀! Màá fọ́ ìkòkò yẹn mọ́ ẹ lórí. Ẹja kan ni ọmọkùnrin yẹn gbé wá, kò pààyàn. Bó ò bá ṣe ìgbéyàwó yìí, àgbàlá mi ni màá ti ṣe é, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá jẹun."

Bàbá Sewnarine ti ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màá ṣe é," ló wí. "Gbogbo ohun tó yẹ kí bàbá fi ọwọ́ ṣe ni màá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu mi, tèmi ni. Mi ò sì ní se nǹkan kan."

Ó kúkú gbìyànjú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó gbé àga, ó kẹ̀yìn sí ààrò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sè. Dularie ń wò ó láti ojú fèrèsé, pẹ̀lú àtalẹ̀ pupa tí wọ́n fi para fún un. Kò pẹ́ tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn láìyíjú padà.

"Ìkòkò, ẹni tó ń rò ẹ́ yìí fẹ́ jó ẹ nídìí o. Ìkòkò, pẹ̀lẹ́. Irú ata wo ni wọ́n dà sí ẹ lára yẹn?" Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fò dìde, ó já omorogùn gbà. "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin apanirun!"

Ó se méjèèje. Nígbà tó kan katahar, ó bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ó sì wo ọ̀kánkán fèrèsé. Dularie nàgà. Bàbá gbé ojú kúrò, ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀.

Ní ti Jaikaran, ó dé lásìkò. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà ló ń bi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, òní ni Sọ́ńdè, àbí?" Bàbá Sewnarine gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀, pandit da omi sí i. Bàbá ò pè é ní Beti. Wọ́n yí iná ká, wọ́n fi ìyẹ̀fun pupa sí àárín irun ìyàwó, gbogbo rẹ̀ parí. Dularie wọlé lọ jókòó, ó ní, ó ti tán nìyẹn. Ó ti di ìyàwó, kò sì gbọ́ ọ.

Ó ku kitchri. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ọkọ á jókòó lórí ẹní, wọ́n á gbé àwo kitchri síwájú rẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà, kò sì ní jẹ ẹ́ títí àwọn ará ilé ìyàwó fi fún un ní ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Eré ni. Ọkọ tó bá lójú tì á gba ẹ̀bùn méjì, á jẹun, gbogbo ayé á pàtẹ́wọ́.

Àǹtí Bhano mú aago ọwọ́ wá. "Gbà, kó o lè máa mọ ọjọ́!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Jaikaran dúpẹ́. Kò jẹun. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ tuntun wá. Ó dúpẹ́, kò jẹun. Wọ́n fa ẹgbọrọ màlúù wá. Ó fọwọ́ pa á lórí, kò jẹun. Oòrùn gbóná, àwọn àgbà ń nu òógùn, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ojúkòkòrò ọkùnrin yìí mà pọ̀ o.

Dularie ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ara rẹ̀ bù máṣọ. Lọ́jọ́ òní náà? Ọkùnrin yìí fẹ́ pa òun!

"Àǹtí, ẹ lọ sọ fún un pé bí kò bá jẹun, màá bọ́ gbogbo aṣọ yìí, màá lọ ta mauby mi."

Àǹtí Bhano lọ, ó bọ̀. "Ó ní kó o ní sùúrù."

"Sùúrù! Èmi!"

Bàbá Sewnarine ò lè fara dà á mọ́. Ó la àárín èrò kọjá, ó dúró lé ọkọ ọmọ rẹ̀ lórí. Láti ọjọ́ ẹja, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí. "Kí lo fẹ́ gan-an? Ilé mi? Oko ìrẹsì mi? Sọ ọ́!"

Jaikaran pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Pàpá, ẹ mú màlúù yín padà. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ẹ pè é ni."

"Kí n pe ta?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ orúkọ tí ẹ máa ń pè é. Èmi ni mo gbé ẹja wá, òun kọ́. Títí ẹ ó fi pè é, kitchri yìí á wà níbí, èmi náà á wà níbí. Ẹ sì ti mọ̀ mí, Pàpá. Mi ò kì í kánjú."

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Dularie fi ọwọ́ bo ẹnu. Jaikaran gbọ́ ọ lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn ní ìsọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá Sewnarine yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. "Ìkòkò," ló bẹ̀rẹ̀, "bá mi sọ fún..." Kò sí ìkòkò níbẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé fún fífọ̀. Èèyàn nìkan ló yí i ká, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ohùn náà máa jáde, ó jáde bí igbe.

"Beti!"

Ìyàwó ò gbọdọ̀ jáde síbẹ̀. Dularie jáde. Ó ń fa aṣọ pupa nílẹ̀, omijé ti ba gbogbo ohun tí wọ́n kùn sí i lójú jẹ́. "Pàpá. Pàpá mi."

Bàbá dì í mú. Wọn ò mọ ẹni tó ń sunkún ju ẹnì kejì lọ. "Katahar yẹn," ni bàbá wí sí i létí, "mi ò rí ẹni bá mi tọ́ ọ wò. Mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó."

"Ó tó, Pàpá. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi lójú fèrèsé. Ó tó."

Bàbá fa imú, ó yíjú sí Jaikaran. "Ìwọ! Jẹun wàyí!"

Jaikaran fi ìka mẹ́ta mú kitchri díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Ó ṣì ń jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀.

"Beti, ṣé báyìí ló máa ń jẹun?"

"Báyìí ni, Pàpá."

"O sì fẹ́ ẹ?"

"Ojoojúmọ́ ló ń bí mi nínú," ni Dularie wí, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Bàbá Sewnarine fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì wọ́n, ó ní kí wọ́n gbé kọ́rì wá. Dularie fúnra rẹ̀ tẹ́ ewé òṣíbàtà síwájú ọkọ rẹ̀. Ó bu katahar sí etí kan, ó fi ìrẹsì mọ odi sáàárín, ó bu elégédé sí etí kejì. Bàbá rẹ̀ ń wò ó, ojú rẹ̀ rú.

"Beti, kí lò ń ya oúnjẹ sọ́tọ̀ fún? Ṣebí inú ikùn kan náà ni gbogbo wọn ń lọ."

"Ikùn ò mọ adùn, Pàpá," ni Dularie wí. "Ahọ́n ló mọ̀ ọ́n."